Bí Kristẹni Ṣe Lè Gbẹ́kẹ̀lé Ìfẹ́ Ọlọ́run, Kí Ó sì Ní Ìtẹ́lọ́rùn Nínú Rẹ̀

Ní agbègbè wa yìí, láti Ìlọrin títí dé Òmù-Àrán àti Ọ̀fà, kì í pẹ́ tí ohun tó le koko bá ṣẹlẹ̀ kí ẹnìkan tó sọ pé, "Àmúwá Ọlọ́run ni." A ń sọ ọ́ níbi òkú ọ̀fọ̀, a ń sọ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dànù ní ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, a sì ń sọ ọ́ nígbà tí ọmọ bá ṣe ìdánwò JAMB léraléra tí kò rí ilé-ìwé gíga wọ̀. Mùsùlùmí ń sọ ọ́, Kristẹni ń sọ ọ́, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ agboolé wa, ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa Kristẹni tí a ń fi ẹnu sọ ọ́ ni ọkàn wa kò tíì fara tì í. A ó sọ ọ́ tán níwájú àwọn tó wá kí wa, a ó sì wọ yàrá lọ fi gbogbo òru yí kiri lórí ibùsùn. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti tọ́ka sí àwọn ohun tí ènìyàn lè máa ṣe, lójoojúmọ́ àti lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí ọkàn yóò fi bá ẹnu dọ́gba.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ ìwé sí àwọn ará Fílípì, inú ìdè ni ó wà, kò sì mọ̀ bóyá wọn yóò dá òun sílẹ̀ tàbí wọn yóò pa òun. Nínú ìwé yẹn kan náà, ní orí 4, ẹsẹ 11, ni ó ti ní òun ti kọ́ láti ní ìtẹ́lọ́rùn ní ipòkípò tí òun bá wà. Ó kọ́ ọ ni. Wọn kò bí i mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọjọ́ tí Jésù pàdé rẹ̀ ní ọ̀nà Dámásíkù ni gbogbo rẹ̀ wọ̀ ọ́ lára lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ń gbàdúrà fún ìfọ̀kànbalẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí àyà yín ṣì ń já, ẹ má ṣe ka ara yín mọ́ àwọn aláìgbàgbọ́. Ẹnu ẹ̀kọ́ ni ẹ wà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ Ẹni tí ẹ ń gbẹ́kẹ̀lé

Ẹ̀kọ́ náà kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú wàhálà ẹni. Ẹni tí ó bá fi ìṣòro ara rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n Ọlọ́run yóò máa rí Ọlọ́run olóore ní ọjọ́ tí ọjà bá tà, yóò sì máa rí Ọlọ́run òǹrorò ní ọjọ́ tí ara ọmọ rẹ̀ bá gbóná. Ibi tí àwọn Àpósítélì ti bẹ̀rẹ̀ ni orí àgbélébùú. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpósítélì 2:23 dáadáa, ẹ óò rí i pé Pétérù sọ nǹkan méjì pọ̀ láìfi ọ̀kan pa èkejì: ó ní ìpinnu Ọlọ́run ni ó fi Jésù lé wọn lọ́wọ́, ó sì tún ní àwọn ènìyàn búburú ni ó fi ọwọ́ ara wọn pa á. Ní orí 4, ẹsẹ 27 àti 28, ìjọ àkọ́kọ́ dárúkọ Hẹ́rọ́dù àti Pọ́ńtíù Pílátù nínú àdúrà, wọ́n sì ní ohun tí ọwọ́ Ọlọ́run ti pinnu tẹ́lẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ṣe. Kò sí iṣẹ́ ibi tí ó burú tó pípa Ọmọ Ọlọ́run, síbẹ̀ inú rẹ̀ ni ìgbàlà wa ti jáde. Bí Ọlọ́run bá lè di ìyẹn mú ní ọwọ́ ara rẹ̀, èwo ni yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú tiwa?

Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún èyí nìkan. Ẹ ka Mátíù orí 26 àti 27 díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀, ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpósítélì 4:23–31 ní ọ̀sán, kí ẹ sì fi Róòmù 8:28–39 sun lálẹ́. Ẹsẹ 28 ni gbogbo wa mọ̀ sórí, èyí tí ó ní ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́ pọ̀ sí rere fún àwọn tí ó fẹ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹsẹ 32 ni ó gbé e ró: Ẹni tí kò dá Ọmọ òun tìkára rẹ̀ sí, báwo ni yóò ṣe fi ohun rere dù wá? Àwọn ará wa Mùsùlùmí náà gbà pé kò sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Ọlọ́run, ìfaradà tí mo sì ti rí lára àwọn kan nínú wọn tó ohun tí Kristẹni ń wò kọ́ṣe. Ohun tí ó jẹ́ ti Kristẹni ní pàtàkì, tí kò gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni pé ọwọ́ tí ó di ayé mú ni wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ igi nítorí tirẹ̀.

Ẹ ya ohun tí a fihàn sọ́tọ̀ kúrò lára ohun ìkọ̀kọ̀

Diutarónómì 29:29 sọ pé ti Olúwa ni ohun ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a fihàn jẹ́ tiwa àti ti àwọn ọmọ wa, kí a lè máa ṣe é. Ó dá mi lójú pé ìdajì ẹrù tí ń wọ̀ wá lọ́rùn ni ẹrù ohun ìkọ̀kọ̀, èyí tí Ọlọ́run kò fi rán wa. Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ìlà sí àárín rẹ̀. Ní apá kan, ẹ kọ ohun tí ẹ kò mọ̀ nípa ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀ sí i: ìgbà tí iṣẹ́ yóò dé, ìdí tí oyún fi bàjẹ́, bóyá àìsàn yìí yóò san. Ní apá kejì, ẹ kọ ohun tí Ọlọ́run ti sọ ní gbangba pé kí ẹ ṣe ní irú ipò yẹn: kí ẹ máa dúpẹ́, kí ẹ má purọ́, kí ẹ dárí ji ẹni tí ó ṣẹ̀ yín, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣiṣẹ́, kí ọkọ fẹ́ràn aya rẹ̀, kí ẹ má ṣe kọ ìpéjọpọ̀ sílẹ̀. Ẹ ka apá kìíní sí etí Ọlọ́run, kí ẹ sì fi í lé e lọ́wọ́. Apá kejì ni iṣẹ́ òòjọ́ yín. Bí ẹ bá ṣe èyí lóòótọ́, ẹ óò rí i pé iṣẹ́ òní ti kún ọwọ́ yín tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní sí àyè púpọ̀ fún wíwo ẹ̀yìn ọ̀la.

Ibí yìí ni mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń ti ọ̀dọ̀ wòlíì kan lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn nítorí pé a fẹ́ mọ ohun ìkọ̀kọ̀ dandan, títí orí fi dàrú mọ́ wa lọ́wọ́, tí ìran mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kan ṣoṣo. N kò sọ pé Ọlọ́run kì í fi nǹkan hàn mọ́. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti bí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ní Odò-Ọwà, ní 1904, a sì mọ̀ pé ibi tí ó ti ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ ojú títì ní 1928 ni ó ti gbọ́ ìpè Ọlọ́run. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe òun ni ó ń wá ohùn náà kiri. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe lọ́wọ́. Ẹ sì rántí pé ìpè yẹn kò mú un bọ́ nínú ìpọ́njú, nítorí pé ní 1932, lẹ́yìn ìsọjí ńlá tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìlẹ́ṣà, wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Ẹni tí ó bá ní ohun búburú kì í ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó wà nínú ìfẹ́ Ọlọ́run kò tíì ronú dé ọ̀dọ̀ Babalọlá, ká má tilẹ̀ sọ Pọ́ọ̀lù.

Ẹ sọ tinú yín fún un kí ẹ tó sọ pé "ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe"

Àṣà wa ni pé kí a gbé ojú sókè bí àgbà nígbà tí nǹkan bá dùn wá, kí a sì ní a dúpẹ́. Ìyẹn dára níwájú ènìyàn. Níwájú Ọlọ́run, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Orin Dáfídì 13 kò ju ẹsẹ mẹ́fà lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì sì béèrè nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ pé yóò ti pẹ́ tó, kí ó tó dé ibi tí ó ti ní òun gbẹ́kẹ̀lé àánú Olúwa. Ọlọ́run tí ó mí sí irú orin bẹ́ẹ̀ kò lè bínú sí ẹni tí ó bá kọ ọ́.

Ẹ wo Jésù náà nínú ọgbà Gẹtisémánì, kí ẹ sì wò ó fínnífínní, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi ara sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó lọ gbàdúrà. Ní àkọ́kọ́ (Mátíù 26:39), ohun tí ó ń fẹ́ ni ó kọ́kọ́ sọ, pé bí ó bá ṣeé ṣe, kí ago náà ré òun kọjá; lẹ́yìn náà ni ó ní kì í ṣe bí òun ti ń fẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀kejì (ẹsẹ 42), àdúrà náà ti yí díẹ̀: bí ago yìí kò bá lè kọjá àfi bí mo bá mu ún, ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Ẹ rí i pé Jésù pàápàá kò fi àdúrà kan ṣoṣo parí ọ̀rọ̀ náà. Ó dojúbolẹ̀, ó padà wá wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí oorun ti gbé lọ, ó tún padà lọ. Lúùkù ní òógùn rẹ̀ rí bí ẹ̀jẹ̀ tí ń kán sílẹ̀, ó sì ní ańgẹ́lì kan wá láti ọ̀run wá fún un ní okun. Ago náà kò kọjá. Ohun tí ó gbà ni agbára láti mu ún.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà lórí ohun kan tí ó ká yín lára, ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà yìí. Ẹ pè é ní Bàbá. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń fẹ́ gan-an, kí ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀: "Mo fẹ́ kí wọ́n gba ọmọ mi sí iṣẹ́ yẹn," "Mo fẹ́ kí èsì àyẹ̀wò yìí má burú." Ẹ sọ ohun tí ń bà yín lẹ́rù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà lé e lọ́wọ́. Bí ó bá di ọ̀la tí ẹ tún bá ara yín níbi tí ẹ ti gbà á padà, ẹ tún gbé e lọ, kí ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín. Wíwí pé "ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe" láìtíì sọ tinú ẹni sábà máa ń jẹ́ ọ̀nà láti sá fún Ọlọ́run, kì í ṣe ọ̀nà láti sinmi lé e.

Ẹ ṣe iṣẹ́ tí ó kàn yín

Gbígbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run yàtọ̀ sí kíká ọwọ́ gbera. Awakọ̀ tí táyà rẹ̀ ti dán kò gbọ́dọ̀ pe jàǹbá tí ó bá ṣẹlẹ̀ ní àmúwá Ọlọ́run kí ó sì dúró síbẹ̀. Ẹni tí ó pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì kò gbọ́dọ̀ di ẹ̀bi ru kádàrá. Nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì 27, nígbà tí ìjì ń ja ọkọ̀ ojú omi tí Pọ́ọ̀lù wọ̀, tí ọkàn 276 wà nínú rẹ̀, ańgẹ́lì ti wá sọ fún un pé ẹ̀mí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní ṣòfò. Ìlérí ti wà nílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn atukọ̀ fẹ́ fi ọgbọ́n sá lọ, Pọ́ọ̀lù yíjú sí balógun ọ̀rún, ó ní bí àwọn wọ̀nyí kò bá dúró sínú ọkọ̀, ẹ kò lè là. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹrìnlá, ó rọ gbogbo wọn kí wọ́n jẹun. Àwọn tí ó mọ òmi wẹ̀ fò sínú òmi, àwọn yòókù di pátákó mú, báyìí ni gbogbo wọn ṣe gúnlẹ̀ láyọ̀. Ọlọ́run tí ó pinnu òpin ọ̀rọ̀ ni ó pinnu pátákó náà pẹ̀lú.

Ìyá kan wà tí mo mọ̀ ní ẹ̀bá Òmù-Àrán, gàrí ni ó ń dín tà. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ rẹ̀, apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo wà lọ́dọ̀ wọn ní ọjọ́ tí àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ti Ìlọrin wá. Ìyá náà ti gbé àpò ẹ̀gẹ́ kúrò lábẹ́ jáàkì, ó ń jọ̀ ọ́, èéfín sì ti ń rú lábẹ́ agbada. Àbúrò ọkọ ní, "Ìyàwó wa, jẹ́ ká gbé bọ̀ọ̀dá lọ sórí òkè. Wòlíì kan ní ọjọ́ mọ́kànlélógún péré ni wọ́n máa lò níbẹ̀." Ìyá náà kúnlẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ajọ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ṣeun tí ẹ rántí wa. Bí wọ́n bá wà lórí òkè fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, ta ló máa fún wọn lóògùn láàárọ̀? Ta ló máa bá wọn na ẹsẹ̀ bí dókítà ṣe kọ́ mi? Ẹ bá wa gbàdúrà níbẹ̀, àwa náà á máa gbà á níbí. Ọlọ́run kan náà ló wà nínú yàrá wa yìí." Ó dìde, ó bu ẹ̀gẹ́ tí ó ti jọ̀ sínú agbada, ó sì ń fi igbá rò ó. Ọkọ rẹ̀ ti ń fi ọ̀pá rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Ọwọ́ òsì náà kò tíì gbé ife omi. Àdúrà kò dúró lórí rẹ̀, oògùn náà kò sì dúró.

Bí ó bá pẹ́

Èyí tí ó nira jù nìyí, n kò sì ní sáré kọjá lórí rẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni Jósẹ́fù nígbà tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí àwọn arákùnrin rẹ̀ fi tà á, ẹni ọdún 30 sì ni nígbà tí ó dúró níwájú Fáráò. Ẹ fi ọdún méje ọ̀pọ̀ àti ọdún méjì ìyàn kún un kí ó tó fi ara rẹ̀ han àwọn arákùnrin rẹ̀: ó ti tó nǹkan bí ọdún 22 láti ìgbà tí wọ́n ti tà á. Ní ẹ̀yìn gbogbo èyí ni ó tó lè sọ pé ẹ̀yin rò ibi sí mi, ṣùgbọ́n Ọlọ́run rò ó sí rere (Jẹ́nẹ́sísì 50:20). Kò sí ibì kan tí a ti kà pé ó sọ bẹ́ẹ̀ nínú kòtò. Nínú ẹ̀wọ̀n, ohun tí ó sọ fún agbọ́tí ni pé wọ́n jí òun gbé ni, àti pé òun kò ṣe ohun tí ó yẹ kí wọ́n torí rẹ̀ fi òun sí ìhámọ́; ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó rántí òun. Agbọ́tí gbàgbé rẹ̀ fún ọdún méjì gbáko. Ohun tí mo ń fà yọ ni pé ẹ má ṣe kánjú túmọ̀ ìrora yín. A kò pàṣẹ fún yín pé kí ẹ mọ ìdí rẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà nínú rẹ̀. Jósẹ́fù kò mọ ìdí, ṣùgbọ́n ó ń tọ́jú ilé Pọ́tífárì, ó ń tọ́jú àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ó sì ń sá fún ẹ̀ṣẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà nínú ìran tiwa. Ní 1821, wọ́n kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣogùn, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ìbànújẹ́ mú kí òun gbìyànjú ní òru láti fi ọ̀já ara òun pa ara òun. Ní 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Sàró. Ní 1843 ni wọ́n fi í jẹ àlùfáà. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti ìyá rẹ̀ tún rí ara wọn, ọdún 25 lẹ́yìn tí wọ́n ti pín wọn níyà. Ní 1864 ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Òun ni ó ṣe olórí iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí ìyá gàrí wa yẹn ń kà ní èdè rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gba ibí yìí sọ pé òwò ẹrú dára. Ìwà ìkà ni, Ọlọ́run yóò sì ṣe ìdájọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Jósẹ́fù kò ṣe pe títà tí wọ́n tà á ní oore. Ohun tí ó yẹ kí ó wọ̀ wá lọ́kàn ni pé ní òru tí Àjàyí ń wá bí yóò ṣe kú, kò sí ọ̀nà kankan tí ó lè gbà mọ ohun tí Ọlọ́run ń ṣe. Bí ẹ̀yin náà bá wà nínú irú òru bẹ́ẹ̀, ẹ má dá wà. Ẹ pe pásítọ̀ yín tàbí ẹni kan tí ẹ fọkàn tán kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ sì lọ rí dókítà pẹ̀lú.

Nígbà mìíràn, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ní dé rárá ní ayé yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa nítorí ẹ̀gún inú ara rẹ̀, oore-ọ̀fẹ́ ni ó rí gbà dípò ìmúkúrò (2 Kọ́ríńtì 12:8–9). Àwọn ọmọ Hébérù mẹ́ta sọ fún Nebukadinésárì pé Ọlọ́run àwọn lè gba àwọn, wọ́n sì fi kún un pé bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn kò ní forí balẹ̀ fún ère rẹ̀. Kí ẹ tó dé ojú iná ni ó yẹ kí ẹ ti kọ "bí bẹ́ẹ̀ kọ́" tiyín sílẹ̀. Ẹ ka Hábákúkù 3:17–18, níbi tí wòlíì ti ka ohun oko rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tí ó lè kùnà, láti igi ọ̀pọ̀tọ́ dé agbo ẹran, tí ó sì ní síbẹ̀ òun yóò máa yọ̀ nínú Olúwa. Ẹ fi ohun tiyín sí i: bí iṣu kò tilẹ̀ ta, bí ẹ̀gẹ́ tilẹ̀ rà nínú ilẹ̀, bí ẹ̀rù àwọn ajínigbé kò tilẹ̀ jẹ́ kí a lè lọ oko ọ̀nà jíjìn mọ́, bí owó ìfẹ̀yìntì kò tilẹ̀ tíì jáde, bí ilé ọkọ kò tilẹ̀ tíì dé. Ẹ kà á sókè. Bí ẹnu yín bá kọ̀ láti sọ ọ̀kan nínú wọn, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Ìtẹ́lọ́rùn nínú ohun kéékèèké

Ìbẹ̀rù ọ̀la kọ́ ni ó ń jí ìtẹ́lọ́rùn gbé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa, ojú tí a fi ń wo ẹlòmíràn ni. Ní oṣù Disẹ́ńbà, tí àwọn ọmọ ìlú bá ti Èkó, Àbújá àti òkè òkun darí wálé, tí ọkọ̀ tuntun kún iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí ó ti ń dúpẹ́ láti oṣù Ṣẹẹrẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ásáfù sọ nínú Orin Dáfídì 73 pé díẹ̀ ni ó kù kí ẹsẹ̀ òun yọ̀ nígbà tí òun rí àlàáfíà àwọn ènìyàn búburú, títí òun fi wọ ibi mímọ́ Ọlọ́run lọ. Ẹ pinnu ohun tí ó tó fún yín nínú ìwé kí oṣù náà tó dé, iye aṣọ ẹbí tí agbára yín ká àti iye tí ẹ óò fi ṣe àlejò, kí ẹ má sì yá owó kọjá rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wíwo ohun tí àwọn ènìyàn ń gbé sórí WhatsApp ni ó ń ba ọkàn yín jẹ́, ẹ pa á tì fún àkókò díẹ̀. Ní alaalẹ́, ẹ dárúkọ ohun mẹ́ta tí Ọlọ́run ṣe lọ́jọ́ náà, kí wọ́n jẹ́ ohun tí ó ṣeé fọwọ́ bà. Ẹ sì fún ẹlòmíràn ní nǹkan nínú ìwọ̀nba tí ó wà lọ́wọ́ yín.

Orin Dáfídì 131, ẹsẹ mẹ́ta péré, fi ọkàn tí ó ti parọ́rọ́ wé ọmọ tí a ti já lẹ́nu ọmú. Ọmọ tí kò tíì já ọmú kò lè wà láyà ìyá rẹ̀ kí ó má wá ọmú. Èyí tí ó ti já a lè jókòó síbẹ̀ nítorí ìyá rẹ̀ nìkan. Ọjọ́ tí wọ́n ń já a, igbe ni. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé nítorí igbe náà, kì í ṣe ọmọ ilé mọ́.

Bí ẹ bá ń bá ẹni tí ìyà ń jẹ kẹ́dùn, ẹ má ṣe fi ẹ̀kọ́ yìí lù ú. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa fún ọjọ́ méje àti òru méje tí wọ́n fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n ṣẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ lọ. Ẹ bá wọn fọ aṣọ, ẹ bá wọn mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni kí ó kọ́kọ́ sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni, nígbà tí ó bá lè sọ ọ́.

Bí ohun tí ẹ ti ń dúró dè bá sì dé, ọ̀nà tí ẹ óò gbà dúpẹ́ náà jẹ́ ara gbígbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́, kí ẹ tó gba gbohùngbohùn, ẹ rántí pé obìnrin kan wà lórí àga ẹ̀yìn tí òun náà gba ààwẹ̀ kan náà, tí kò sì tíì rí ọmọ. Ẹ má ṣe sọ pé nítorí pé ẹ gbàgbọ́ ju àwọn yòókù lọ ni Ọlọ́run ṣe dá yín lóhùn. Ẹ sọ ohun tí Ó ṣe, ẹ sọ bí Ó ṣe dúró tì yín ní àwọn ọdún tí kò tíì ṣe é, kí ẹ fi ìyìn fún un. Nígbà tí ìsìn bá parí, ẹ wá obìnrin náà lọ, kí ẹ sì béèrè ìgbà tí ẹ lè wá bá a gbàdúrà ní ilé rẹ̀.